Orin Wo Ni Màmá Fẹ́ràn?

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí ìyá ọkọ mi jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ bi ọkọ mi. Ohun tó máa sọ fún yín ò ju pé, "Màmá mi? Màmá mi kì í yọ èèyàn lẹ́nu." Á wá rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni pé ó ti fún yín lẹ́bùn ńlá. Èmi tí mo ń bá ìyá náà jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, èmi ni kí ẹ bi. Ẹnu mi yá, mo sì mọ̀ ọ́n rò. Ẹni tó bá ní mo ti ń sọ̀rọ̀ jù, kó lọ bá ọkọ mi.

Ilé iṣẹ́ aránṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá ńlá kan ni, ó wà lókè ilé ìtajà bàtà, fèrèsé ẹ̀ kọjú sí títì. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé la máa ń rán jù, àti kọ́tìnì, àti aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì nígbà mìíràn. Èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ tó ń ṣe ihò bọ́tìnnì. Ọ̀gá wa ló ni ibẹ̀, obìnrin tó sanra dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá dìde báyìí, ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń gé aṣọ, Agéṣọ là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo tó ń pa ju aṣọ tó ń gé lọ. Ẹni tó ń lọ aṣọ, Jẹ́jẹ́ là ń pe ìyẹn. Kò sí ohun tí ọkùnrin náà kì í ṣe jẹ́jẹ́. Tó bá sín, ẹ máa rò pé ó ń tọrọ àforíjì ni.

Sípíkà kan ló wà lórí pẹpẹ òwú. Àṣé sípíkà lè da ilé rú! Agéṣọ ń fẹ́ orin tó ń lu èèyàn láyà gbì-gbì. Jẹ́jẹ́ ń fẹ́ orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Èmi ń fẹ́ èyí tí mo lè bá wọn gbè. Ojoojúmọ́ la ń jà. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá yọ wáyà sípíkà náà, ó dì í mọ́ ọwọ́, ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́! Látòní lọ, kálukú ní ọjọ́ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ọjọ́ kàn tó tan orin, ó máa dìde, ó máa sọ ìdí tó fi fẹ́ràn ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìdí, kó jókòó ẹ̀ jẹ́ẹ́. Tí ẹ bá máa da etí mi láàmú, ó kéré tán, kí n mọ ohun tí mo ṣe fún yín."

A rò pé àwàdà ni. Ó wá di ohun tí gbogbo wa ń retí láràárọ̀. Ṣé ẹ rí Agéṣọ tí a rò pé ariwo lásán ló mọ̀, ó dìde lọ́jọ́ tiẹ̀, ó ní òun fẹ́ràn orin kan torí pé ẹni tó ń ta gìtá nínú ẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó wọlé, bí ọ̀lẹ tó gbàgbé pé òun níṣẹ́, tó wá sáré dé. A tẹ́tí, lóòótọ́ ni! A rẹ́rìn-ín títí. Jẹ́jẹ́ ní tiẹ̀ sọ pé obìnrin tó ń kọ orin tòun máa ń mí kó tó la ẹnu. Gbogbo wa dá ẹ̀rọ dúró ká lè gbọ́ èémí obìnrin tí a ò mọ̀ rí. Mo gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn, tí orin bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbikíbi, mo ti ń wá èémí nìyẹn.

Nǹkan kan tún wà tí ẹni tí kò bá rán aṣọ rí ò lè mọ̀. Ẹsẹ̀ la fi ń tẹ ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ ò sì mọ̀ ju kó tẹ̀ lé orin. Ọjọ́ Jẹ́jẹ́, ojú okùn wa máa ń gún régé, àmọ́ iṣẹ́ ò ní pọ̀. Ọjọ́ Agéṣọ, iṣẹ́ á pọ̀ bí nǹkan míì, síìpù á wọ́. Ó gbé orin kan wá nígbà kan, orin tó máa ń dá kẹ́ lójijì, tó tún máa ń gbéra fìrì. Kọ́tìnì ilé ìtura kan la ń rán lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a fi máa tẹ́ ẹ sílẹ̀, etí ẹ̀ ti rí wọ́gọwọ̀gọ látòkè délẹ̀. Oníbàárà dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ṣé bátànì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nìyí?" Ọ̀gá ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i." Obìnrin náà ní kí a tún bá òun rán sí i. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Bí ilé iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn kí Màmá tó débẹ̀.

Nígbà tí bàbá ọkọ mi kú, a mú Màmá wá sọ́dọ̀ wa. Kò sunkún jù. Ṣe ló jókòó. Á gbé àga síwájú fèrèsé, á gbọ́wọ́ lé itan, ó di ìrọ̀lẹ́. "Màmá, kí lẹ máa jẹ?" "Ohun tí ẹ bá ní." "Màmá, ṣé ká ṣí fèrèsé?" "Bí ẹ bá ṣe fẹ́." "Màmá, ṣé ká pa iná?" "Bí ẹ bá ṣe fẹ́." Bí ẹ bá ṣe fẹ́, bí ẹ bá ṣe fẹ́! Orí mi fẹ́ dàrú. Èmi tó jẹ́ pé tí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè kan, mẹ́ta ni mo máa dáhùn. Mo sọ fún ọkọ mi pé ìyá ẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ lójú wa. Ó ní, "Màmá mi kì í yọ èèyàn lẹ́nu."

Iṣẹ́ wá pọ̀ gan-an nígbà kan, Ọ̀gá ń wá ẹni tó máa máa fọwọ́ rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Mi ò bi Màmá. Tí mo bá bi í, ẹ ti mọ ìdáhùn. Mo kàn wọ bàtà sí i lẹ́sẹ̀, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ." Àṣé ọwọ́ ìyá yìí mú bẹ́ẹ̀! Abẹ́rẹ́ ń wọlé, abẹ́rẹ́ ń jáde, ẹ ò ní rí ojú okùn níta. Ọ̀gá gbé ṣòkòtò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Màmá, ìjókòó yín rèé." Kò pẹ́ tí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó ń bá Agéṣọ ṣe yẹ̀yẹ́. Àárọ̀ kan wà tí mo jí tí mo bá a tó ti múra, tó ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì. Inú mi dùn débi pé mo kọrin nínú bọ́ọ̀sì, àwọn èèyàn sì ń wò mí.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá wá sọ pé, "Màmá ti di ara wa. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ orin yín, Màmá."

Agéṣọ ló ń jẹ ọjọ́ Ẹtì mọ́ tiẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, Màmá ní, "Ẹ tan ohun tó bá wù yín." Ọ̀gá ní rárá o, òfin ni. Màmá ní kí wọ́n fún òun di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé. Màmá dìde, ó la ẹnu, kò sí nǹkan kan tó jáde. Ó wo sípíkà, ó wo ọwọ́ ara ẹ̀, ó jókòó. Agéṣọ ní, "Àbí Màmá ò gbọ́ orin rí ni?" Kò fi ṣe ibi, bí ẹnu ẹ̀ ṣe rí nìyẹn, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo rí i pé abẹ́rẹ́ ti gún un lọ́wọ́, kò sì yọ ọ́ kíákíá.

Lọ́jọ́ Ajé, mo múra tán, mo bá Màmá níwájú fèrèsé. Ó ti gbé àga padà síbẹ̀.

"Màmá, ilẹ̀ ti mọ́ o!"

"Máa lọ, ìyàwó mi. Mo rò pé ilé ni mo máa wà."

Inú mi bà jẹ́. Mo bínú sí Agéṣọ, mo bínú sí Ọ̀gá àti òfin ẹ̀, mo bínú sí sípíkà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó wá ní, "Mo máa bá ọ lọ di ọjọ́ Ẹtì. Tí mi ò bá tún rí nǹkan kan sọ lọ́jọ́ náà, mi ò ní padà lọ síbẹ̀ mọ́. Ojú ń tì mí. Gbogbo yín lẹ ní tiyín."

Ẹ wá wò ó. Iṣẹ́ tó gbé ìyá yìí dìde ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nítorí orin kan ṣoṣo. Mo ní kò lè ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ ké sí. Ó ní kékeré nìyẹn. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé àwọn orin tí bàbá ẹ̀ fẹ́ràn jáde, orin onífèrè àtijọ́, ó tan ọ̀kan. Ojú tiẹ̀ gan-an ti ń ṣomi. Màmá gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, ó mi orí.

"Ó dáa," ó ní. "Ti bàbá yín nìyẹn."

"Àmọ́ Màmá, ojoojúmọ́ lẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ!"

"Mo ń gbọ́ ọ. Òun ló ń tàn án."

Ọkọ mi wò mí, bí ẹni tí ilẹ̀kùn gbá nímú. Èmi ni mo wá béèrè, mo sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè, èyí tí kò wọ́pọ̀: "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, Màmá? Orin wo lẹ fẹ́ràn?"

Ó rò ó. Lóòótọ́ ló rò ó, bí ẹni tó ń tú báàgì wá kọ́kọ́rọ́. Ó wá ní, "Ìyàwó mi, kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Kò fi ìbànújẹ́ sọ ọ́. Ó yà á lẹ́nu ni. Àmọ́ èmi, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ṣinṣin. Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni bàbá ọkọ mi o. Ọkùnrin dáadáa ni, tí wọ́n bá jọ ń bọ̀ láti ọjà, òun ló máa ń ru ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ibi tó ń sùn sí ni rédíò wà. Kó tó di tiẹ̀, bàbá tó bí Màmá ló ni rédíò. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n gbà á. Ìyá yìí ti dé ọjọ́ orí tí irun fi funfun, gbogbo orin tó mọ̀, ẹlòmíì ló tàn án.

Mo ní ó dáa, níwọ̀n ìgbà tí kò ti ní, mo máa wá ọ̀kan fún un. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n ni mí. Mo wá orin kan tó ń yin ìyá, orin tó ń pa èèyàn lẹ́kún, mo sì kọ́ Màmá ní ohun tó máa sọ: "Mo fẹ́ràn orin yìí torí pé ó ń rán mi létí pé iṣẹ́ ìyá ò lè já sásán." A jọ ń kà á nídìí àwo tí a ń fọ̀, a ń kà á ní ibùdókọ̀. Ó mọ̀ ọ́n lórí bí ọmọ iléèwé. Mo ń yin ara mi. Mo ní Agéṣọ máa sunkún lọ́jọ́ náà, ojú ẹ̀ máa wú.

Ọjọ́ Ẹtì pé. A wọ bọ́ọ̀sì bí a ṣe máa ń ṣe. A ò tíì dé ibi iṣẹ́ nígbà tí dírẹ́bà tan orin kan. Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀? Àwọn obìnrin púpọ̀ ló ń kọ ọ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, fèrè ń já wọn gbà láàárín. Ní ibì kan, ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín, wọn ò sì yọ ọ́ kúrò. Èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́, mi ò mọ orí, mi ò mọ ìdí. Ibi tí a ti máa sọ̀ dé, mo dìde.

"Màmá, a ti dé."

"Mo mọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká sọ̀."

"Jẹ́ kó parí."

Mo dúró bí ọ̀pó. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, ìyá yìí ò sọ fún mi rí pé jẹ́ kí nǹkan kan rí báyìí. Bọ́ọ̀sì gbéra, a kọjá ibi iṣẹ́, a rí fèrèsé wa báyìí tó ń lọ lẹ́yìn. Mo gbé ọwọ́ lé orí. Nígbà tí orin náà parí, a ti jìnnà réré. Màmá dìde, ó fọwọ́ di àga mú, ó rìn lọ bá dírẹ́bà.

"Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Kí ni wọ́n ń pe orin yẹn?"

"Màmá, èmi gan-an ò mọ̀. Ẹnì kan ló fi ránṣẹ́ sí mi. Mi ò gbọ́ èdè ẹ̀."

"Èmi náà ò gbọ́ ọ!" Màmá sọ bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó pàdé ẹbí lójú ọ̀nà.

Ní ibùdókọ̀ tó kàn, dírẹ́bà fi orin náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Àwọn èrò ń pariwo lẹ́yìn pé, "Dírẹ́bà, ṣé ọkọ̀ lẹ ń wà ni àbí orin lẹ ń pín?" A sọ̀ kalẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn padà. Mò ń kùn lọ ní gbogbo ọ̀nà. Mo ní a ti pẹ́, mo ní Ọ̀gá máa fi mí jẹun. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ò tíì gbàgbé ohun tí a jọ kọ́?" Ó ní òun ò gbàgbé. Àmọ́ kò wo ibi tí mo wà.

Nígbà tí a wọlé, gbogbo ẹ̀rọ ti dákẹ́. Agéṣọ ti mú fóònù ẹ̀ lọ́wọ́, ó ti ń sún mọ́ sípíkà. Ọ̀gá wo aago, ó wo wá, ó pinnu pé òun ò ní bínú ná.

"Màmá, ẹ̀yin là ń dúró dè."

Màmá gbé báàgì sílẹ̀, ó dúró. Mo so fóònù mi mọ́ sípíkà. Orin ìyá tí mo wá fún un ni mo ṣí. Ó na ọwọ́, ó ní, "Ti inú bọ́ọ̀sì." Mo fẹ́ jiyàn. Mo wo ojú ẹ̀, mo ṣí ti inú bọ́ọ̀sì.

"Mo fẹ́ràn orin yìí torí pé..." Ó dákẹ́.

Agéṣọ fọwọ́ nu ẹnu. Mi ò lè mú un mọ́ra, mo sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Torí pé ó ń rán mi létí..."

Màmá yíjú sí mi. "Ìyàwó mi, dákẹ́ ná."

Ẹ̀rín sọ nínú yàrá! Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Láti ọjọ́ tí mo ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó pa mí lẹ́nu mọ́ rí, ọ̀pọ̀ ló sì ti gbìyànjú. Ẹ̀rín náà ló jọ pé ó tú Màmá sílẹ̀, torí nígbà tó tún la ẹnu, ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀.

"Gbogbo orin tí mo gbọ́ láyé mi ló ń rán mi níṣẹ́," ó ní. "Èyí á ní kí n ní sùúrù. Èyí á ní kí n tọ́ ọmọ. Òmíràn á ní kí n tọ́jú ilé, kí n má sọ̀rọ̀ jù, kí n rántí ọ̀la. Ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo ẹ̀, mo sì ti jẹ́ gbogbo iṣẹ́ náà. Mo ti ní sùúrù. Mo ti tọ́mọ. Èyí tí mo gbọ́ láàárọ̀ yìí, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú èdè ẹ̀. Kò rán mi síbì kankan. Ó kàn ń dùn ni." Ó wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ìdí mi nìyẹn. Mo fẹ́ràn ẹ̀ torí pé ó ń dùn mọ́ mi."

Ọ̀gá mú etí aṣọ, ó fi nu ojú. Èmi, ẹkún ń bọ̀, ẹ̀rín ń bọ̀, mi ò mọ èyí tí mo máa gbà láàyè. Agéṣọ ló sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn. Ó ti fóònù ẹ̀ bọ àpò, ó ní, "Màmá, ọjọ́ Ẹtì tiyín ni. Mo tọwọ́ bọ̀wé."

Mo tẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀, pàtẹ́wọ́ ń ró, fèrè wọlé. Ẹsẹ̀ gbogbo wa ti wà lórí ẹ̀rọ kí a tó mọ̀. Màmá jókòó, ó fa ṣòkòtò kan mọ́ra, orí ẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí obìnrin yẹn ti ń rẹ́rìn-ín, Màmá bá a rín in, ẹ̀rín tó jáde látinú ikùn, tí mi ò gbọ́ rí ní gbogbo ọdún tí mo ti ń jẹ́ ìyàwó ilé wọn.

Orin parí. Jẹ́jẹ́, tí ọkàn ẹ̀ dáa, tó sì fẹ́ ṣe Màmá lóore, gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sún mọ́ ọn jẹ́jẹ́. Ó ní, "Màmá, aládùúgbò mi kan wà, ó jọ pé ó gbọ́ èdè yìí. Mo lè ní kó bá yín túmọ̀ ẹ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n ń sọ."

Màmá ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Kí ni mo ṣe fún ọ?" ó ní. "Má dán an wò o! Tó bá lọ jẹ́ pé sùúrù làwọn yẹn náà ní kí n ní ńkọ́?"

Ó wá yíjú sí mi, ó ní kí n tún un tàn.